Orin Tí Ọmọ Kan Gbọ́ Lálẹ́ Sátidé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹun tán, tẹ́ ẹ nasẹ̀ sórí àga, mo kí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ tan rédíò ọkọ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ délé láyọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ọlọ́dẹ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà, ẹ kú ìṣọ́.

Alẹ́ Sátidé la wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé Sátidé ni. Ìdí kan wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ẹ máa bá mi bọ̀, ẹ ó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Orin wo lẹ kọ́kọ́ gbọ́ láyé yín? Mi ò béèrè èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù lónìí. Èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni mò ń béèrè. Nígbà tẹ́ ẹ ṣì kéré. Nígbà tẹ́ ò tíì mọ̀ pé ẹnì kan lè dìde lọ́jọ́ kan kó ní orin yìí kì í ṣe tiyín.

Èmi mọ tèmi. Bàámi ní giramafóònù kan nílé wa n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ Àìkú, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Màámi ti gbé ìrẹsì kaná, Bàámi á fa àwo kan yọ nínú páálí. Wọ́n á fi aṣọ nù ún jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Jim Reeves ni. Òyìnbó ará Texas, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Bàámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú, àmọ́ kò sí orin kan nínú àwo yẹn tí wọn ò lè kọ látòkèdélẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jẹ́rìí mi. Ṣé ilé tiwa nìkan ni? Jim Reeves, Don Williams, ta ni ò mọ̀ wọ́n nílẹ̀ yìí?

Orin kọ́ńtírì là ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Orin àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orin gìtá àti gòjé. Orin ọkùnrin tí olólùfẹ́ kọ̀ sílẹ̀. Orin ẹni tí àárò ilé ń sọ.

Àwo orin kọ́ńtírì kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́ yìí. Kì í ṣe ti Jim Reeves. Ti Ray Charles ni. Ray Charles, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi bíi tiyín. Afọ́jú ni. Dùùrù ló ń tẹ̀. Ọdún 1962 ni àwo náà jáde, Modern Sounds in Country and Western Music lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ ọjà orin kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe é. Ó ṣe é. Bó ṣe ṣe é, ìdí tó fi ṣe é, àti ohun tó ti inú rẹ̀ jáde, òun la fẹ́ jọ yẹ̀ wò.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Ìlú Albany, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n bí Ray sí ní 1930. Àmọ́ Greenville ló ti dàgbà, ìlú kékeré kan ní Florida. Retha ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀. Aṣọ ló ń bá àwọn èèyàn fọ̀ kó tó lè jẹun. Ray ní àbúrò kan, George. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ méjèèjì ń ṣeré, George sì já sínú ọpọ́n omi tí ìyá wọn fi ń fọṣọ. Ray fà á, ó fà á. Ọmọdé lòun náà, agbára rẹ̀ ò ká a. Ó pariwo pe ìyá. Kí ìyá tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ojú Ray fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méje, kò ríran mọ́ rárá.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ bá mi wo obìnrin yìí. Ó ti sin ọmọ kan. Èyí tó kù fọ́jú. Ṣé kò yẹ kó gbé e jókòó sójú kan, kó máa fi ṣíbí fún un lóúnjẹ? Retha ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kó gbálẹ̀. Ó ní kó la igi. Àwọn ará àdúgbò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ìkà ni. Kò dá wọn lóhùn. Ó mọ̀ pé òun ò ní wà láyé títí láé. Lóòótọ́, Ray ò tíì ju ọ̀dọ́mọdé lọ nígbà tí Retha kú.

Obìnrin tó le báyìí, ó tẹ̀ síbì kan. Alẹ́ Sátidé. Lálẹ́ Sátidé, ó máa ń jẹ́ kí Ray pẹ́ sùn, kó lè gbọ́ ètò orin kan nínú rédíò. Láti Nashville, ní Tennessee, ni wọ́n ti ń gbé ètò náà wá. Grand Ole Opry ni wọ́n ń pè é. Orin kọ́ńtírì ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ Sátidé?

Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan rèé, nínú yàrá kan ní Florida, kò ríran, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ rédíò. Àwọn òyìnbó ń ta gìtá, wọ́n ń fa gòjé. Lásìkò yẹn, dúdú àti funfun kì í jọ jókòó. Ilé ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀. Ibi omi mímu yàtọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tí wọ́n mú Ray lọ ní ìlú St. Augustine, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fi àwọ̀ pín àwọn ọmọ. Ẹ tún un gbọ́ o. Àwọn ọmọ tí kò rí dúdú, tí kò rí funfun, tí kò rí ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Wọ́n fi àwọ̀ pín wọn! Ray ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi dàgbà.

Àmọ́ rédíò ò mọ àwọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ṣé rédíò tó wà níwájú yín yìí mọ̀ yín? Ẹni tó bá ti tan án, ó ti di onílé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ mọ bánjò, àbí? Ohun èlò olókùn, tí ikùn rẹ̀ dà bí ìlù. Kò sí ohun tó tún jọ orin kọ́ńtírì jù ú lọ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló gbé ìmọ̀ rẹ̀ sọdá òkun. Lórí ètò Grand Ole Opry yẹn náà, DeFord Bailey, aláwọ̀ dúdú tó ń fi ẹnu fọn háàmóníkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé orin funfun ni orin kọ́ńtírì, ẹ rọra bi í léèrè ẹni tó gbé bánjò wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa dé, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ Ray Charles là ń sọ. Olórin dúdú, afọ́jú, tó fi orin kọ́ńtírì ṣe odindi àwo ní 1962, tí wọ́n ní kó má ṣe é. A ti rí ibi tó ti gbọ́ orin náà. Ìyá ló jẹ́ kó gbọ́ ọ.

Ray dàgbà. Kó tó di èèkàn, ó bá ẹgbẹ́ olórin kọ́ńtírì kan tẹ dùùrù ní ìlú Tampa. Òyìnbó ni gbogbo wọn, Florida Playboys lorúkọ wọn. Ìgbà tó yá, ó kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbórin jáde. Ó mú orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó lú u mọ́ orin ilé fàájì. Àwọn ẹlẹ́sìn kan bínú. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó. Nígbà tí ọdún 1959 fi máa parí, kò sí ibi tí wọn ò ti mọ Ray Charles ní Amẹ́ríkà.

Ọdún yẹn náà ló kúrò nílé iṣẹ́ tó ń bá a gbé orin jáde, tó lọ sí òmíràn, ABC-Paramount. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọrin tẹ́tí sí dáadáa. Kó tó fọwọ́ síwèé, ó bèèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́, orin tó bá wù mí ni màá kọ. Èkejì, téépù tí wọ́n bá ká orin mi sí, tèmi ni yóò padà jẹ́. Wọ́n gbà. Olórin mélòó ló rí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbà nígbà náà, ká má tiẹ̀ wá sọ aláwọ̀ dúdú?

Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mélòó nínú àwọn àgbà olórin tiwa ló mọ ibi tí téépù wọn wà? A ń jó sórin wọn níbi ìnáwó. A ń gbọ́ wọn nínú ọkọ̀. Ọmọ wọn ń sanwó ilé tìṣẹ́tìṣẹ́. Mo ti jókòó ti irú bàbá bẹ́ẹ̀ rí, ó ń tọ́ka sí rédíò, ó ní, "Ohùn mi nìyẹn. Mi ò mọ ẹni tó ni ín mọ́." Mi ò rí èsì fọ̀. Ray Charles ò ríran, àmọ́ ó rí ọ̀rọ̀ yìí láti òkèèrè.

Òmìnira tó gbà nínú ìwé àdéhùn yẹn ló fi ṣe àwo kọ́ńtírì. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ti sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ á sì ti parí síbẹ̀.

Ó pe ọkùnrin kan nílé iṣẹ́ náà, Sid Feller. Ó ní, bá mi wá àwọn orin kọ́ńtírì tó dára jù lọ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹnu ya Feller. Ẹnu ya àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn dúdú tó ń ra àwo rẹ̀ máa kọ̀ ọ́, àwọn funfun tó ń gbọ́ kọ́ńtírì ò sì ní gbà á. Wọ́n ní yóò pàdánù lápá ọ̀tún, yóò tún pàdánù lápá òsì. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, téèyàn bá gbọ́ ọ lóréfèé? Ray ní ó ṣeé ṣe kóun pàdánù àwọn kan lóòótọ́, àmọ́ àwọn tóun máa jèrè á jù wọ́n lọ.

Feller kó orin jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ wọn, ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ray jókòó, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìlá ló mú. Orin Hank Williams wà níbẹ̀. Orin Floyd Tillman wà níbẹ̀. Orin kan tí obìnrin kan, Cindy Walker, bá Eddy Arnold kọ wà níbẹ̀, orin ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin kan àmọ́ tí kò lè sọ fún un.

Ní oṣù Kejì ọdún 1962, wọ́n wọ sítúdíò. Ìdajì orin náà, New York ni wọ́n ti ká a sílẹ̀. Ìdajì yòókù, Hollywood ni.

Kí ló wá ṣe sí àwọn orin yìí? Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù.

Kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ohun tí àgbẹ̀ Tennessee sọ, òun náà ló sọ. Aṣọ orin náà ló pààrọ̀. Ó yọ gìtá Nashville kúrò níwájú. Ní New York, ó kó kàkàkí òyìnbó àti sasofóònù jọ, wọ́n ń dún gìrìgìrì bí ẹgbẹ́ olórin ilé ijó ńlá. Ní Hollywood, ó kó àwọn afàgòjé jọ, ó kó ẹgbẹ́ akọrin kún un, ohùn wọn tẹ́jú bí omi inú àwo. Marty Paich ló to orin náà fún wọn. Ray wá jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, ohùn tó ti gbọ́ ìwàásù, tó ti gbọ́ ẹkún, ohùn tó ya létí bí aṣọ àgbà.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, olórin ló ń lé, elégbè ló ń gbè é. Orin kan wà nínú àwo yẹn tí Ray ti yí i padà. I Can't Stop Loving You lorúkọ rẹ̀. Elégbè ló ń lé. Wọ́n kọ ọ́ jáde gbọọrọ, tónítóní. Òun ló wá ń tẹ̀ lé wọn, tó ń gbè é, tó ń dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sọ pẹ̀lú ìrora, bíi pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí gan-an. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń rò ó pé báyìí ni ọmọ yẹn ṣe ń bá rédíò kọrin ní Greenville. Rédíò á lé, òun á gbè.

Don Gibson ló kọ orin náà, ní 1957, nínú ilé onítáyà kan lẹ́bàá ìlú Knoxville. Ìyà ń jẹ ẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ nítorí pé kò rówó san. Orin méjì ló kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, méjèèjì ló sì di ńlá.

Ẹ máa wo iṣẹ́ Elédùmarè. Feller ò ka orin náà sí. Ó fi í sí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn àwo, orin kan péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwo jáde, lóṣù Kẹrin, ibẹ̀ ni àwọn onírédíò ń gbé abẹ́rẹ́ lé. Kò pẹ́ tí òṣèré sinimá kan, Tab Hunter, òyìnbó arẹwà, fi sáré ṣe tirẹ̀. Ó ṣe é bí ti Ray gẹ́lẹ́, ó jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn àwọn ABC fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ni wọ́n bá sáré gé orin náà kúrú, wọ́n gbé e jáde lórí àwo kékeré lọ́tọ̀. Gbogbo ìgboro ni orin Ray gbà. Ó wà lókè téńté fún ọ̀sẹ̀ 5. Àwo ńlá náà fúnra rẹ̀ wà nípò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 14.

Àwọn dúdú rà á. Àwọn funfun rà á. Ọdún yẹn náà ò tíì parí tí Ray fi gbé apá kejì jáde.

Ẹ má gbàgbé irú ìgbà tó jẹ́ o. Ní 1961, ọdún kan péré ṣáájú, wọ́n fẹ́ kí Ray wá ṣeré ní ìlú Augusta, ní Georgia, níbi tí wọ́n ti máa jẹ́ kí funfun jó nísàlẹ̀, kí dúdú máa wòran lókè. Ó kọ̀, kò ṣeré. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ó sì sanwó ìtanràn. Ọkùnrin tí wọn ò jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ jó nílẹ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn funfun, orin tirẹ̀ ló wá ń dún ní pálọ̀ wọn lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, Ray Charles là ń sọ. Orin tó gbọ́ lọ́mọdé, tí wọ́n ní kì í ṣe tirẹ̀, tó fi ṣe àwo ní 1962.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí lánàá, ó ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Mo ní ṣé o mọ King Sunny Adé? Ó ní ìbéèrè wo nìyẹn. Mo ní, nínú jùjú Sunny, gìtá kan wà tó ń ké wíìíwíì bí ẹni tí àárò ń sọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi tábìlì ni, wọ́n ń fi irin fa okùn rẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Pedal steel ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ gbọ́ àwo rẹ̀ ti 1982, Juju Music. Demola Adepoju ló ń ta á. Ibo ni gìtá yẹn ti wọ jùjú? Inú orin kọ́ńtírì ni! Ọ̀dọ̀ àwọn Nashville yẹn náà ni. Nígbà tí Sunny gbé e sáàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ṣé ẹnì kan nínú yín dìde kó ní jùjú kọ́ nìyẹn? Ẹ jó ni. Ẹ ná owó.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Ó ní kí n fi orin náà ránṣẹ́ sóun.

Ray Charles kú ní 2004. Ó di 2021 kí wọ́n tó kéde pé orúkọ rẹ̀ máa wọ gbọ̀ngàn iyì àwọn olórin kọ́ńtírì ní Nashville. Ó pẹ́. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù. Wọn ì bá ti ṣe é lójú ẹ̀mí rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa àmì ẹ̀yẹ náà lára, nítorí ọwọ́ ló fi ń ríran. Nashville yẹn náà ni ohùn ti ń wá bá a lálẹ́ Sátidé, nígbà tí Retha bá ní, ó dáa, jókòó, gbọ́ díẹ̀ sí i.

Àsìkò mi ti fẹ́ tó. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń juwọ́ sí mi. Àwo náà ti wà lórí ẹ̀rọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, orin tí Feller ò kà sí. Ẹ fetí sí àwọn elégbè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé e tán, kẹ́ ẹ tó gbọ́ bí Ray ṣe wọlé.

Bí ọmọ kan bá ṣì wà lójúfò nílé yín, ẹ má tíì lé e lọ sùn. Sátidé ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.